Bírò Kan Ṣoṣo

Ìyáàfin Ṣómẹ́fun kì í pariwo.
Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ìjọba tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé dáadáa,
ó gbọn eruku Láfẹ́nwá kúrò létí ìró,
ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé yín dà?"

Èmi ni mo gbé àpótí ìgò lé èjìká.
Oṣù kẹta mi rèé lẹ́nu iṣẹ́.
Mo rò pé omi la wá wò.

Máníjà gbé bisikíìtì wá, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò,
ó gbé fáìlì mẹ́rin tí wọ́n fi ọ̀rá dì bí ẹrù ìyàwó.
"Mọ́mì, gbogbo rẹ̀ ló pé."
Mọ́mì kò jẹ bisikíìtì.
Ó fi itọ́ sí ìka, ó ṣí ojú ewé,
ó ń kà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà,
èyí tó dára lọ́tùn-ún,
òkúta lósì.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rọ tó ń fọ omi ìdọ̀tí ṣiṣẹ́.
Ojoojúmọ́, nọ́ńbà kan náà,
bírò kan náà, àárẹ̀ ọwọ́ kan náà:
àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí ẹnì kan jókòó kọ lálẹ́ ọjọ́ kan
kí a tó dé.

"Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá," ohùn rẹ̀ tutù,
"ṣé ẹ ò gbàgbé ọjọ́ náà?
Odò Ògùn gun orí afárá kékeré,
ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àga ṣọ́ọ̀ṣì lọ,
ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó àwọn ọmọ iléèwé.
Bèbè odò sì ni ẹ̀rọ yín wà.
Ṣé abẹ́ omi ló ti ń fọ omi?"

Máníjà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò rí ibi jókòó.

"Rìsíìtì dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́?"
Láti oṣù kẹfà, kò sí.
Ẹ̀rọ kì í sì í mu ọ̀rọ̀ dídùn.

Ẹ̀yìn ìyẹn la tó lọ wo omi.
Lẹ́yìn ògiri, lábẹ́ ewé kókò,
páìpù kejì tí kò sí nínú àwòrán
ń bá odò sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.
Mo rọ ìgò kún. Ó gbóná lọ́wọ́ mi
bí omi ìwẹ̀ ìyá ọlọ́mọ tuntun.
Bàbá ọlọ́dẹ kan dúró níbẹ̀, kò wò wá,
ó kàn ń sọ fún ewúrẹ́ kan pé:
"Aago méjì òru ni wọ́n máa ń ṣí i."
Ewúrẹ́ kò dáhùn.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ní òfin ní eyín.
Ó ní in. Ṣùgbọ́n eyín kì í mọ ibi tí ẹran wà,
imú ló kọ́kọ́ ń débẹ̀.

Owó ìtanràn, àti ọgọ́ta ọjọ́.
Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gọ́ta a padà. Kò sí bisikíìtì.
Wọ́n ti fi símẹ́ńtì dí páìpù náà, ẹ̀rọ ń ké,
nọ́ńbà inú ìwé ń gòkè, ó ń sọ̀ bí ara ènìyàn gidi:
bírò dúdú, bírò búlúù, pẹ́ńsù níjọ́ kan.
Ìyáàfin Ṣómẹ́fun fọwọ́ pa ojú ewé náà lẹ́rìn-ín.
"Èyí jọ òtítọ́," ó ní. "Ó rí jágbajàgba."

Odò ńkọ́? N ò ní parọ́.
Ó ṣì ń rùn díẹ̀.

Mo délé ní Kémta nírọ̀lẹ́.
Ìyá mi, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá,
gbé agbada omi aró àti sódà tó ti ṣá,
ó dà á sí gọ́tà, bí ìyá rẹ̀ ti ń dà á,
bí mo ti ń bá a dà á láti kékeré.
Omi náà gba iwájú ilé mẹ́ta kọjá,
ó yà sí Sókòrì, ó forí lé Ògùn.

"Kí ló dé tí o dúró bí ọlọ́pàá?"

Àpótí ṣì wà léjìká mi.
Ìgò kan ló kù nínú rẹ̀
tí kò tíì ní omi.